Ọdún Mélòó Ló Kù Lórí Líìsì Fúláàtì Yín?

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí kì í ṣe lórí ọjà títà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe lórí ìwé owó ìpamọ́. Orí ilé ni a gbé e kà, ilé tí púpọ̀ nínú wa fi òógùn ojú rà ní London yìí, tí a sì gbàgbọ́ pé àwọn ọmọ yóò jogún.

Ohun tó bí ẹ̀kọ́ náà ni pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjì wá bá ìgbìmọ̀ láti yá owó. Kì í ṣe ọjà ni wọ́n fẹ́ fi owó náà rà. Ọdún ni wọ́n fẹ́ fi rà, kí wọ́n lè fi kún líìsì fúláàtì wọn. Fúláàtì àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, àdúgbò kan náà ni. Ẹni àkọ́kọ́ tètè wá, owó tó fẹ́ kò le ju ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe lọ. Èkejì pẹ́ kó tó wá, iye tó kọ sínú fọ́ọ̀mù sì mú kí akápò bọ́ awò ojú rẹ̀, kó nù ún, kó tún un kà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn, ọdún díẹ̀ péré ni.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀. Nílé lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ra ilẹ̀ tó sì kọ́ ilé sí i, a máa ń sọ pé ó ti di onílé nìyẹn. Ní England àti Wales níbí, ẹni tó ra fúláàtì kì í sábà ra ilẹ̀. Ọdún ló rà. Wọ́n fún un ní àyè láti lo fúláàtì náà fún ọdún 99, tàbí 125, tàbí iye tí wọ́n bá kọ sínú ìwé. Ilẹ̀, òrùlé, ògiri ìta àti àtẹ̀gùn, ti onílẹ̀ ni, ẹni tí wọ́n ń pè ní freeholder. Àwọn baba wa tó dáko lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn mọ nǹkan tó jọ èyí, nítorí wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀. Owó tí ẹ ń san fún onílẹ̀ lọ́dọọdún níbí, tí wọ́n ń pè ní ground rent, ìṣákọ́lẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n ìṣákọ́lẹ̀ ti ilé wa kò ní ọjọ́ tí ó máa parí. Bí ọmọ bá ti ń ṣe dáadáa, tó ń san án, yóò máa ro oko tí bàbá rẹ̀ ro lọ ni. Líìsì ní ọjọ́ tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọdún rẹ̀ bá pé, fúláàtì padà sọ́wọ́ onílẹ̀. Òfin lè jẹ́ kí ẹ ṣì máa gbé inú rẹ̀ bí ayálégbé tí ń san owó ilé, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹ fẹ́ tà mọ́, kò sì sí ohun tí ọmọ fẹ́ jogún.

(Ọ̀rọ̀ Scotland yàtọ̀ o. Ẹni tó bá ní ilé ní Glasgow kí ó má fi ẹ̀kọ́ yìí da ara rẹ̀ láàmú.)

Èmi tí mo ń kọ èyí kò kọ́ ọ nínú ìwé nìkan. Ní 2001 ni mo ra fúláàtì oníyàrá méjì ní gúúsù London. Líìsì rẹ̀ jẹ́ ti ọdún 99, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ láti 1986. Lọ́yà kọ̀wé sí mi pé ó ku ọdún 84. Mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ta ló fẹ́ gbé ọdún 84 nínú yàrá méjì yìí? A ki lẹ́tà náà bọ inú àpótí, ó di ìgbàgbé. Nígbà tó di 2017, mo fẹ́ ta ilé náà kí n lè fi owó rẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó fẹ́ rà á dé, a fẹnu kò sí iye, mo ti ń ka owó ní ọkàn mi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta wọ́n pè mí, wọ́n ní báǹkì ẹni náà kọ̀, nítorí ọdún 68 péré ló kù. Ẹnì kejì wá, ohun kan náà ni báǹkì tirẹ̀ sọ. Ẹnì kẹta ní owó lọ́wọ́, kò nílò báǹkì, ṣùgbọ́n iye tó dá lé ilé mi, mo rò pé ó ń bú mi ni. Kò bú mi. Ó mọ ohun tí èmi kò mọ̀ ni. Mo ní láti san owó ọdún fún onílẹ̀ kí n tó rí ilé náà tà, ìgbà yẹn sì rèé, ṣọ́ọ̀bù tí mo fẹ́ gbà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí mo bá ti gbé ọ̀rọ̀ náà dìde láàárín 2003 sí 2005, owó tí mo san ì bá má tó ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀.

Kí ló dé tí mo fi dárúkọ 2005? Nítorí pé ọdún yẹn ni líìsì mi wọ 80. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀kọ́ yìí, ẹ má gbàgbé 80.

Bí ẹ bá fi ọdún kún líìsì, iye tí fúláàtì lè tà máa ń ga sókè. Òfin sọ pé gígasókè yẹn jẹ́ èrè tí ẹ̀yin àti onílẹ̀ yóò pín sí méjì dọ́gba. Orúkọ tí wọ́n fún èrè náà ni marriage value, bí ẹni pé ìyàwó là ń gbé. Èmi kò tíì rí ìgbéyàwó mìíràn tí ìdílé kan ṣoṣo ti ń san gbogbo ìnáwó bí èyí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti tún òfin ṣe ní 2002, bí ọdún tó kù bá ju 80 lọ lọ́jọ́ tí ẹ fún onílẹ̀ ní nótíìsì, a kò ní ka èrè yẹn rárá. Bí ó bá ti jẹ́ 80 tàbí kó dín, a ó kà á. Bí ó ṣe le tó nìyẹn. Ọjọ́ kan ṣoṣo lè mú yín kọjá ààlà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò ọjà ṣe é, nítorí ojú ọjà la ti mọ owó. Ká ní fúláàtì kan yóò tà ní £300,000 bí líìsì rẹ̀ bá gùn dáadáa, tí ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ £10 lọ́dún. Onílẹ̀ ń retí pé ilé yìí yóò padà sọ́wọ́ òun lọ́jọ́ kan. Bí ẹ bá fi ọdún kún un, ìrètí rẹ̀ sún síwájú, nítorí náà ẹ ó san nǹkan fún un. Àwọn adíyelé sábà máa ń lo ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún láti mọ iye tí owó ọjọ́ iwájú yẹn tó lónìí. Bí ó bá ku ọdún 81, owó tí ẹ ó san fún onílẹ̀ yóò jẹ́ bí £5,800. Ó parí síbẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí ọdún méjì kọjá, kó ku 79. Owó àkọ́kọ́ yẹn yóò di bí £6,400, kò fò lọ títí. Àmọ́ èrè tí a ń pín ti wọlé. Ká ní adíyelé sọ pé pẹ̀lú ọdún 79, fúláàtì náà kò lè tà ju £282,000 lọ. Ìdajì èrè tí ẹ ó fún onílẹ̀ yóò tó bí £5,800 mìíràn, àpapọ̀ yóò sì di bí £12,200. Owó ti di ìlọ́po méjì, àtúnṣe kankan kò sì ba ilé, a kò fi bíríkì kan kún un. Bí ẹ bá tún dúró títí ó fi ku 70, tí adíyelé ní £270,000 ni fúláàtì náà ń tà, ẹ ó máa wá bí £20,000. Owó lọ́yà àti ti adíyelé kò sí nínú gbogbo èyí.

Àpẹẹrẹ ni mo fi ṣe o, ẹ má mú iye yìí lọ bá onílẹ̀ yín. Ibi tí àríyànjiyàn máa ń wà jù ni iye tí fúláàtì ń tà pẹ̀lú líìsì kúkúrú. Adíyelé tiyín yóò ní kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù, ti onílẹ̀ yóò ní ó dín kù gan-an, nítorí bí ó bá ṣe dín kù tó ni èrè tí a fẹ́ pín ṣe máa pọ̀ tó.

Ẹ̀yin tí ẹ ra fúláàtì lọ́wọ́ káńsù, ẹ̀yin ni mo ń bọ̀ wá bá báyìí. Òfin Right to Buy jáde ní 1980. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá àti bàbá wa tó dé síbí ṣáájú lo àǹfààní rẹ̀, wọ́n ra fúláàtì tí wọ́n ti ń háyà tẹ́lẹ̀. Líìsì ọdún 125 ni wọ́n sábà máa ń fún wọn, ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju £10 lọ lọ́dún. Nígbà náà, ọdún 125 dàbí ayérayé. Ẹ jẹ́ kí a kà á báyìí. Líìsì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1983 yóò parí ní 2108, yóò sì wọ 80 ní 2028. Ti 1985 yóò wọ 80 ní 2030. Ti 1989, ní 2034. Ayérayé ọ̀hún ti wà ní ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ kan tún fara sin síbẹ̀ tí púpọ̀ kò mọ̀. Bí káńsù bá ti kọ́kọ́ ta fúláàtì kan nínú ilé ńlá kan pẹ̀lú líìsì ọdún 125, òfin gbà á láàyè pé kí líìsì àwọn tó bá rà lẹ́yìn nínú ilé kan náà parí lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ti ẹni àkọ́kọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ará ilé yín bá rà ní 1982, tí ẹ̀yin rà ní 1999, ó lè jẹ́ pé 2107 ni ti ẹ̀yin méjèèjì yóò parí. Líìsì yín kò fìgbà kan jẹ́ 125. Láti ọjọ́ tí ẹ ti gba kọ́kọ́rọ́, 108 ni. Yóò sì wọ 80 ní 2027, nígbà tí ẹ̀yin ń rò pé ó di 2044.

Nítorí náà, ẹ má fi ọdún tí ẹ ra ilé kà á. Ẹ wo inú ìwé líìsì fúnra rẹ̀. Ojú ewé àkọ́kọ́ tàbí ìkejì ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí, níbi tí ọ̀rọ̀ náà term wà, pẹ̀lú iye ọdún àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ lè ti ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fọwọ́ sí i. Bí ìwé bá ti sọnù, ẹ lè rà ẹ̀dà rẹ̀ ní HM Land Registry, owó rẹ̀ kò ju pọ́n-ùn díẹ̀ lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó ńlá lọ́wọ́ yín nítorí ìyẹn.

Báwo la ṣe ń ra ọdún kún un? Òfin tó fún wa ní ẹ̀tọ́ náà ni Leasehold Reform, Housing and Urban Development Act ti 1993. Orúkọ rẹ̀ gùn bí ojú irin, ẹ jẹ́ kí a sáà máa pè é ní òfin 1993. Ẹni tí líìsì rẹ̀ ju ọdún 21 lọ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́, ó ní ẹ̀tọ́ láti gba ọdún 90 kún ohun tó kù. Bí ó bá ku 75, yóò di 165. Ìṣákọ́lẹ̀ yóò sì di peppercorn, hóró ata kan. Kò sẹ́ni tí yóò wá gba hóró ata lọ́wọ́ yín. Wọ́n fi ń sọ pé ẹ kò san kọ́bọ̀ mọ́ ni. (Owó ìtọ́jú ilé, ti òrùlé àti àtẹ̀gùn, kò bá a lọ. Ẹ ó ṣì máa san ìyẹn.) Ẹ̀tọ́ yìí kan káńsù bí ó ṣe kan ilé-iṣẹ́ aládàáni. Tẹ́lẹ̀, ó ní láti jẹ́ pé ilé ti wà lórúkọ yín fún ọdún méjì, ṣùgbọ́n wọ́n ti mú ìyẹn kúrò láti 31 January 2025. Ẹ lè rà á lónìí, kí ẹ fún onílẹ̀ ní nótíìsì ní kété tí orúkọ yín bá ti wọ Land Registry. Kò sì pọn dandan pé kí ẹ máa gbé inú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti padà sí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, tí ayálégbé wà nínú fúláàtì yín níbí, ẹ̀tọ́ yín ṣì wà. Ẹ sáà rí i pé lẹ́tà onílẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ yín, nítorí ayálégbé kì í sábà mọ lẹ́tà tó yẹ kí ó tọ́jú. Ẹni tó ra ìdá kan ilé, tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ní ìyókù, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ní ẹsẹ̀ mìíràn, kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ lọ́yà kí ó tó gbé ẹsẹ̀ kankan.

Ẹ kọ́kọ́ wá adíyelé tó mọ iṣẹ́ líìsì, kí ó sọ iye tó yẹ kí ẹ san àti iye tó yẹ kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ìnájà. Lẹ́yìn náà, lọ́yà tó mọ iṣẹ́ náà yóò kọ nótíìsì, èyí tí wọ́n ń pè ní section 42. Ẹ ó kọ iye tí ẹ fẹ́ san sínú rẹ̀. A mọ̀ pé nínú ọjà, bí oníyẹ̀tùn bá pe £20, ẹnu yín lè kọ́kọ́ pe £5. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ nínú nótíìsì. Iye tó jìnnà sí òótọ́ lè mú kí ilé-ẹjọ́ sọ pé nótíìsì náà kò dúró. Iye kékeré tó ṣeé gbà ni kí ẹ kọ.

Ọjọ́ tí nótíìsì dé ọwọ́ onílẹ̀ ni ọjọ́ tí a ó fi ṣírò gbogbo nǹkan. Bí ó bá ku ọdún 80 àti oṣù mẹ́ta lọ́jọ́ náà, ẹ ti bọ́, bí ìjíròrò bá tilẹ̀ gba ọdún kan kí ó tó parí. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn tó wà létí ààlà pé kí wọ́n má dúró de ìgbà tí owó bá pé lọ́wọ́. Nótíìsì ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un. Onílẹ̀ lè béèrè owó àsansílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá iye tí ẹ kọ tàbí £250, èyí tó bá pọ̀ jù. Owó gidi kò tíì jáde títí ọ̀rọ̀ yóò fi parí.

Nótíìsì yóò dárúkọ ọjọ́ tí onílẹ̀ gbọ́dọ̀ fèsì, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní oṣù méjì. Bí kò bá fèsì rárá, ẹ lè lọ sí kóòtù láàárín oṣù mẹ́fà kí wọ́n fún yín ní líìsì tuntun ní iye tí ẹ kọ. Nítorí náà ni onílẹ̀ tó gbọ́n kì í fi sùn. Bí ó bá fèsì, tó pe iye tirẹ̀, àwọn adíyelé méjèèjì yóò máa fà á. Bí wọn kò bá rí i fẹnu kò lẹ́yìn oṣù méjì tí ó ti fèsì, ẹ lè gbé e lọ sí First-tier Tribunal, ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ ilé báyìí. Ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀ rèé: ẹ gbọ́dọ̀ gbé e lọ kí oṣù mẹ́fà tó pé láti ọjọ́ tí onílẹ̀ fèsì. Bí oṣù mẹ́fà bá kọjá, tí ẹ kò tíì fẹnu kò, tí ẹ kò sì gbé e lọ, òfin yóò kà á sí pé ẹ ti fà sẹ́yìn. Ẹ ó san owó lọ́yà àti adíyelé onílẹ̀, ẹ kò sì lè kọ nótíìsì mìíràn fún oṣù méjìlá. Ẹni tó ti wà ní 80 àti oṣù mẹ́ta ti ṣubú sí òdìkejì nìyẹn. Ẹ kọ ọjọ́ náà sára kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀bù yín. Lọ́yà náà yẹ kí ó rántí, ṣùgbọ́n ilé kì í ṣe ti lọ́yà.

Mo ti dárúkọ owó lọ́yà onílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, lábẹ́ òfin 1993, ẹ̀yin lẹ ó san owó tó bá ọgbọ́n mu fún lọ́yà àti adíyelé rẹ̀ lórí iṣẹ́ náà, pẹ̀lú ti ara yín. Ó ń bí mi nínú, àmọ́ bó ṣe wà nìyẹn. Owó tí ó bá ná ní Tribunal kò sí lórí yín.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ̀yin àti onílẹ̀ jọ sọ ọ́ láìsí nótíìsì. Nígbà mìíràn lẹ́tà ni yóò kọ́kọ́ kọ sí yín, tó dùn bí oyin: ẹ san owó báyìí, a ó sọ líìsì yín di 99 padà, kò ní sí wàhálà lọ́yà. Ẹ jẹ́ kí a kà á. Bí ó bá ku 70, tí ó sọ ọ́ di 99, ọdún 29 ló tà fún yín. Òfin ì bá fún yín ní 90. Nígbà tó bá fi máa di ogún ọdún, ẹ ó tún ti wà ní 79, ẹ ó tún padà wá sanwó fún un. Ti ìṣákọ́lẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, irú ìwé báyìí ni wọ́n fi máa ń ki ìṣákọ́lẹ̀ tó ń di ìlọ́po méjì láti ìgbà dé ìgbà bọ inú líìsì àwọn ènìyàn. Òfin ti 2022 ti dí ihò yẹn púpọ̀: láti 30 June 2022, onílẹ̀ kò lè gba ìṣákọ́lẹ̀ lórí àwọn ọdún tí ó fi kún un. Ṣùgbọ́n ó lè máa gba èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ títí ọdún àtijọ́ yóò fi tán. Èmi kò sọ pé ọ̀nà yìí kò dára fún ẹnikẹ́ni. Onílẹ̀ mìíràn jẹ́ ènìyàn rere, ó sì lè yá ju ti òfin lọ. Ẹ sáà jẹ́ kí lọ́yà tiyín ka ìwé náà kí ẹ tó fọwọ́ sí i, kí ẹ sì rántí pé bí ẹ ti ń bá a sọ̀rọ̀ láìsí nótíìsì, ọjọ́ ń lọ. Bí ó bá fi ọ̀rọ̀ dídùn mú yín kọjá 80, kò ṣẹ̀ sófin.

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ní ìpàdé ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká má kúkú dúró de òfin tuntun?" Ó yẹ ká bi í. Òfin 2024, Leasehold and Freehold Reform Act, sọ pé ọdún tí a ó máa fi kún un yóò di 990 dípò 90, ó sì sọ pé wọn yóò mú èrè pípín, marriage value yẹn, kúrò pátápátá. Àwọn onílẹ̀ kan gbé ìjọba lọ sí High Court nítorí rẹ̀, ilé-ẹjọ́ sì dá ẹjọ́ wọn nù ní October 2025. Ṣùgbọ́n kí òfin jáde yàtọ̀ sí kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìjọba ní láti dá ọjọ́ fún apá kọ̀ọ̀kan. Ti ọdún méjì tí a sọ lókè ti bẹ̀rẹ̀. Ti 990 àti ti èrè pípín, ẹ bi lọ́yà yín lọ́jọ́ tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bóyá wọ́n ti dá ọjọ́ fún un, kí ẹ má gbọ́ ọ lẹ́nu alábàáṣọ́ọ̀bù.

Èrò tèmi rèé, ẹ fi wé ti lọ́yà yín. Ẹni tó ṣì ní ọdún 95 tàbí 100 lè fi ara balẹ̀, kó máa wò ó. Ẹni tó ní 81 tàbí 82, kí ó má fi ilé rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ lórí ọjọ́ tí ìjọba kò tíì dá, owó rẹ̀ ṣì kéré, kí ó kọ nótíìsì rẹ̀. Ẹni tó ti bọ́ sí ìsàlẹ̀ 80, tí kò sì fẹ́ tà, tí kò fẹ́ yá owó lórí rẹ̀, ó lè jẹ́ pé yóò jèrè bí ó bá dúró, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé owó àkọ́kọ́ yẹn ń ga sí i lọ́dọọdún bí ó ti ń dúró. Ẹni tó fẹ́ tà ní tirẹ̀ kò lè dúró. Ó lè kọ nótíìsì, kí ó sì gbé àǹfààní nótíìsì náà lé ẹni tó ń ra ilé lọ́wọ́ pẹ̀lú ilé, kí ẹni náà parí rẹ̀. Bí mo bá ti mọ ẹyọ ọ̀nà yìí ní 2017, mi ò ní pàdánù ṣọ́ọ̀bù.

Bí ilé bá ṣì wà lórúkọ bàbá tàbí ìyá tó ti kú, ẹ tètè gba ìwé àṣẹ ogún ní kóòtù. Líìsì kì í dúró de àwọn ọmọ tó ń jà lórí ẹni tí yóò gbé inú yàrá.

Ní ti owó yíyá lọ́wọ́ ẹgbẹ́: ìgbìmọ̀ ti gbà pé a ó máa gbé ìbéèrè líìsì yẹ̀ wò bí ti ọjà. Kí ẹ mú ẹ̀dà ojú ewé líìsì tó ní iye ọdún wá, àti ìwé adíyelé. Ẹni tí kò bá tíì rí adíyelé, kí ó kọ́kọ́ bá Leasehold Advisory Service sọ̀rọ̀. Ìjọba ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, wọ́n sì ń gba ènìyàn nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn ìbéèrè tí a ó jíròrò ní ìpàdé tó ń bọ̀ nìyí. Ẹ ṣe wọ́n nílé, ẹ mú ìdáhùn wá.

1. Ìyá kan ra fúláàtì lọ́wọ́ káńsù ní 1998. Inú líìsì rẹ̀ sọ pé ọdún 125 láti 1984. Ní ọdún wo ni yóò wọ 80?

2. Onílẹ̀ kan fèsì nótíìsì ní 10 March. Ọjọ́ wo ni ẹni tó ni líìsì kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó kọjá kí ó tó lọ sí Tribunal?

3. Ó ku ọdún 72 lórí líìsì kan. Onílẹ̀ ní òun yóò sọ ọ́ di 125. Ọdún mélòó ló ń tà, mélòó sì ni òfin 1993 ì bá fi kún un?

4. Ọdún mélòó ló kù lórí tiyín?

Ìdáhùn sí ìkẹrin yìí, ẹ mú ìwé líìsì náà wá. Akọ̀wé yóò wà ní gbọ̀ngàn ní wákàtí kan kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, láti bá àwọn tí kò rí ojú ewé náà wá a.